Iṣẹ́ olùkọ́ adelé ní Amẹ́ríkà: ibi tí ọ̀rọ̀ ti máa ń há, àti bí a ṣe ń tú u

Bí tíṣà kan ní Amẹ́ríkà bá ṣàìsàn, tàbí tó lọ bímọ, ilé-ìwé máa ń pe ẹlòmíì wá dúró fún un. Olùkọ́ adelé nìyẹn. “Sub” ni wọ́n ń pè é lọ́hùn-ún. Ìdáhùn wọ̀nyí wà fún ẹni tó kàwé ní Nàìjíríà tó sì fẹ́ ṣe iṣẹ́ náà. Ìwé ló ń dá ọ̀pọ̀ èèyàn wa dúró, kì í ṣe kíláàsì. Transcript, ìyẹn ìwé èsì gbogbo ẹ̀kọ́ tí ẹ ṣe ní ilé-ìwé gíga, láti ilé ló ń pẹ́ jù, nítorí náà òun ni kí ẹ kọ́kọ́ béèrè fún, kí ẹ tó ronú kan ohunkóhun mìíràn.

Ìbéèrè: NCE ni mo ní. Ẹnì kan ní mo lè ṣe iṣẹ́ yìí, ẹlòmíì ní mi ò lè ṣe é. Èwo ni kí n gbà?

Àwọn méjèèjì lè máa sọ òótọ́, torí ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló ní òfin tirẹ̀. California ń béèrè dígírì ọdún mẹ́rin. New Jersey ń béèrè kírédíìtì yunifásítì 60. Ní Missouri, kírédíìtì 36 ti tó, ẹni tí kò sì ní i lè lo ìwé ẹ̀rí girama pẹ̀lú ìdánilẹ́kọ̀ọ́ wákàtí 20 lórí íntánẹ́ẹ̀tì tí ìpínlẹ̀ fọwọ́ sí. Ní Texas, dísítíríìtì kọ̀ọ̀kan, ìyẹn àjọ tó ń darí àwọn ilé-ìwé àgbègbè kan, ló ń pinnu fúnra rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí dísítíríìtì méjì tí wọ́n jọ pààlà ní Houston fi lè dá ẹnì kan náà lóhùn lọ́nà méjì.

NCE nìkan kì í sábà tó dígírì ọdún mẹ́rin lójú àwọn tó ń yẹ ìwé òkèèrè wò. Ẹ má fi lọ California, ṣùgbọ́n kírédíìtì inú rẹ̀ lè gbé yín wọlé ní ìpínlẹ̀ tó ń ka kírédíìtì. Ẹni tó ní HND kó kọ́kọ́ bi ilé-iṣẹ́ tó fẹ́ yẹ ìwé náà wò pé ohun wo ni wọ́n ń kà á sí, kó tó sanwó. Ìwé TRCN, àjọ tó ń forúkọ tíṣà sílẹ̀ ní Nàìjíríà, dára láti fi kún ìwé ìwáṣẹ́, ṣùgbọ́n kò lè dúró dípò àṣẹ ìpínlẹ̀.

Ìbéèrè: Mo fi sátífíkéètì yunifásítì mi ránṣẹ́, wọ́n dá a padà. Kí ló ṣẹlẹ̀?

Sátífíkéètì nìkan kò tó. Ilé-iṣẹ́ ayẹ̀wò ni yóò kọ́kọ́ gbé e yẹ̀wò kí ó lè sọ ohun tó bá a dọ́gba ní Amẹ́ríkà. Ẹ mú èyí tó wà lára àwọn ọmọ ẹgbẹ́ NACES, ẹgbẹ́ àwọn ilé-iṣẹ́ tó ń yẹ ìwé òkèèrè wò, irú bíi WES tàbí ECE. California sì ní àkójọ àwọn tí òun fọwọ́ sí, ẹ yẹ̀ ẹ́ wò kí ẹ tó sanwó. Irú àyẹ̀wò tí wọ́n ń pè ní course-by-course, tó ń wo ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan, ni kí ẹ sanwó fún. Èyí tí owó rẹ̀ kéré jù kàn ń sọ pé dígírì ni. Kì í ka kírédíìtì, ẹni tí ìpínlẹ̀ rẹ̀ ń béèrè kírédíìtì 60 yóò sì tún san owó míì.

Lẹ́yìn náà, yunifásítì yín fúnra rẹ̀ ni kó fi transcript ránṣẹ́ sí wọn tààrà. Èyí tó bá gba ọwọ́ yín kọjá, kódà kí ẹ má ṣí i, wọ́n lè kọ̀ ọ́. Ẹ kọ́kọ́ forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ilé-iṣẹ́ ayẹ̀wò kí ẹ lè gba nọ́ńbà ìtọ́kasí, kí ẹ sì kọ nọ́ńbà náà sínú ìbéèrè transcript. Láìsí i, ìwé yín lè dé ọ̀dọ̀ wọn kí ẹnikẹ́ni má mọ fáìlì tí yóò fi í sí. Ẹ ní ẹnì kan nílé tó lè dé ọ́fíìsì rẹ́jísítírà lójúkojú. Íméèlì nìkan kì í sábà yára.

Ìbéèrè: Orúkọ bàbá mi ló wà lórí dígírì mi, orúkọ ọkọ mi ló wà lórí ìwé Amẹ́ríkà.

Ẹ fi ìwé ìgbéyàwó ránṣẹ́ pẹ̀lú ìwé yín láti ìbẹ̀rẹ̀. Ẹ máa kọ orúkọ yín bó ṣe wà lórí káàdì Social Security nínú gbogbo fọ́ọ̀mù, kí ẹ sì kọ orúkọ àtijọ́ síbi tí wọ́n bá ti béèrè àwọn orúkọ míì. Ohun tó tún ń dá ìṣòro sílẹ̀ ni pé a máa ń fi orúkọ ìdílé ṣáájú nílé, tí akọ̀wé lọ́hùn-ún á sì kà á sí orúkọ àbísọ. Bí Adéyẹmí bá di orúkọ àkọ́kọ́ lórí ìwé ìtẹ̀ka (ìka tí wọ́n ń gbà láti mọ̀ bóyá ẹ ti dáràn rí), tó sì wà ní ìkẹyìn lórí ìwé ìpínlẹ̀, wọ́n lè kà yín sí èèyàn méjì.

Ìbéèrè: Mo ti tẹ̀ka nígbà tí mo gba iṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó. Ṣé mo tún máa tẹ̀ ẹ́?

Bẹ́ẹ̀ ni, lọ́pọ̀lọpọ̀ ibi. Èsì ìtẹ̀ka ń lọ sọ́dọ̀ àjọ tí kóòdù rẹ̀ wà lórí fọ́ọ̀mù nìkan, àjọ ìlera kò sì lè fi í fún àjọ ẹ̀kọ́. Ní California, ẹ lè tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì fún iṣẹ́ kan ṣoṣo yìí: ẹ̀ẹ̀kan fún àjọ tó ń fún tíṣà láṣẹ, pẹ̀lú fọ́ọ̀mù 41-LS, ẹ̀ẹ̀kejì fún dísítíríìtì tó gbà yín. Ẹ tọ́jú ẹ̀dà fọ́ọ̀mù kọ̀ọ̀kan. Nọ́ńbà orí rẹ̀ ni wọ́n fi ń wá èsì tó bá sọnù.

Tí wọ́n bá sì ní ìka yín kò hàn, ẹ má fòyà. Ó wọ́pọ̀ lára àgbàlagbà àti àwọn tó ń fọwọ́ léraléra lẹ́nu iṣẹ́ ìtọ́jú, torí ilà ìka máa ń fẹ́lẹ́. Ẹ fi ìpara pa ọwọ́ láàárọ̀ àti lálẹ́ fún bí ọ̀sẹ̀ kan kí ẹ tó padà lọ, ṣùgbọ́n ẹ nù ún kúrò pátápátá kí ẹ tó gbé ìka lé ẹ̀rọ. Bí FBI bá kọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì nítorí pé kò hàn, ẹ ní kí àjọ tó ń bójú tó ìwé yín béèrè pé kí wọ́n fi orúkọ yẹ̀ yín wò. Ẹ̀yin ni kí ẹ rán wọn létí.

Ìbéèrè: Àyẹ̀wò ikọ́ ẹ̀gbẹ tí wọ́n ní kí n ṣe fún iṣẹ́ yìí sọ pé mo ní i, ara mi sì le koko. Ṣé iṣẹ́ ti bọ́ nìyẹn?

Rárá. Abẹ́rẹ́ BCG tí wọ́n ń gún ọmọ tuntun ní Nàìjíríà lè mú kí àyẹ̀wò orí awọ wú, bí ẹni náà kò tilẹ̀ ní àrùn kankan. Ibi tó wú tó sì le ni nọ́ọ̀sì ń wọ̀n, kì í ṣe ibi tó pọ́n. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láti orílẹ̀-èdè tí ikọ́ náà ti wọ́pọ̀, mìlímítà 10 ni wọ́n fi ń sọ pé ó ní i.

Ẹ yàgò fún wàhálà náà: ẹ béèrè àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ń pè ní QuantiFERON tàbí T-SPOT láti ìbẹ̀rẹ̀. BCG kì í da ìyẹn rú, kò sì ní kí ẹ padà wá fún kíkà bíi ti orí awọ, èyí tí wọ́n gbọ́dọ̀ kà láàárín wákàtí 48 sí 72. Bí ti ẹ̀jẹ̀ náà bá sọ pé ó wà, àwòrán àyà ló kàn. Tí àyà bá mọ́, dókítà á kọ lẹ́tà pé ẹ kò lè kó o ran ẹlòmíì, lẹ́tà yẹn ni ilé-ìwé sì ń fẹ́. Kòkòrò náà lè máa sùn lára láìṣe nǹkan kan. Bí dókítà bá ní kí ẹ lo oògùn rẹ̀, ẹ lò ó tán.

Ìbéèrè: Físà F-2, ti ìyàwó, ọkọ tàbí ọmọ akẹ́kọ̀ọ́, ni mo wà lórí rẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi ní kí n kàn máa ṣe é.

Ẹ má ṣe é. F-2 kò gba iṣẹ́ kankan. Dísítíríìtì yóò kún fọ́ọ̀mù I-9, tí wọ́n fi ń mọ ẹni tó lẹ́tọ̀ọ́ láti ṣiṣẹ́, yóò sì béèrè ìwé àṣẹ iṣẹ́. Ẹni tó wà lórí H-4, físà ìdílé òṣìṣẹ́ H-1B, lè ṣe é bí EAD, ìyẹn káàdì àṣẹ iṣẹ́, bá ti tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́.

Ìbéèrè: Wọ́n ti fọwọ́ sí ìwé mi, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ń pè mí.

Àṣẹ ìpínlẹ̀ kì í ṣe ìgbàsíṣẹ́. Dísítíríìtì gbọ́dọ̀ gbà yín, kí ó sì ṣí orúkọ yín lórí ètò tí wọ́n fi ń pín iṣẹ́, irú bíi Frontline tàbí Red Rover. Bí ẹ bá wọlé tí ẹ rí ojú ewé tó ṣófo, ẹ wo àkójọ ilé-ìwé tí ẹ yàn. Ọ̀pọ̀ ń yan méjì tó sún mọ́lé, wọ́n wá ń retí iṣẹ́. Ẹ yan mẹ́jọ tàbí mẹ́wàá, kí ẹ sì jẹ́ kí áàpù máa dún lórí fóònù. Iṣẹ́ àárọ̀ kùtù, láàárín agogo márùn-ún sí méje, kì í pẹ́ lórí ètò. Ọjọ́ Ajé àti ọjọ́ Ẹtì ló sábà máa ń pọ̀ jù.

Tíṣà lè fi orúkọ adelé tó wù ú sí àkójọ tirẹ̀, àwọn yẹn ló ń kọ́kọ́ rí iṣẹ́ rẹ̀. Ọ̀nà tí ẹ ó fi débẹ̀ ni ìwé kékeré tí ẹ bá fi sílẹ̀ lórí tábìlì nírọ̀lẹ́: ibi tí iṣẹ́ dé, ẹni tí kò wá, ẹni tó ṣe dáadáa, ohun tó ṣẹlẹ̀. Akọ̀wé ọ́fíìsì náà ń rántí ẹni tó tètè dé. Ẹni tó bá gba iṣẹ́ tó sì fagi lé e láàárọ̀ ọjọ́ náà, wọ́n ń rántí òun náà.

Ìbéèrè: Mo dé kíláàsì, tíṣà ò fi iṣẹ́ sílẹ̀ rárá.

Ẹ dé ní ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ṣáájú, nítorí irú èyí gan-an. Ní ọ́fíìsì, ẹ béèrè fún orúkọ àwọn ọmọ, àwòrán ibi tí kálukú ń jókòó, àkókò agogo, fáìlì pàjáwìrì àti nọ́ńbà nọ́ọ̀sì. Ẹ bi wọ́n nípa ọmọ tí oúnjẹ kan lè pa lára, àti ọmọ tó ní ìwé IEP, ètò ẹ̀kọ́ àkànṣe tí wọ́n ṣe fún ọmọ tó ní ìpèníjà. Ohun tó wà nínú IEP, òfin ni. Bí iṣẹ́ kò bá sí, tíṣà yàrá kejì tó ń kọ́ kíláàsì kan náà ni kí ẹ lọ bá. Ẹ fi iṣẹ́ kan tó lè gba ogún ìṣẹ́jú sínú àpò yín fún kíláàsì kékeré, òmíràn fún àwọn àgbà.

Ẹ pe orúkọ kí ẹ tó ṣe ohunkóhun. Ní California àti Texas, iye ọmọ tó wá lójoojúmọ́ ni ìpínlẹ̀ fi ń ṣírò owó tó ń fún ilé-ìwé.

Ìbéèrè: Wọ́n ń pariwo, wọn ò gbọ́ tèmi. Ṣé mo lè ní kí ọmọ kúnlẹ̀?

Kò gbọdọ̀ ṣẹlẹ̀. Kíkúnlẹ̀, gbígbé ọwọ́ sókè, fífa etí, gbígbá ọwọ́: èyíkéyìí nínú wọn lè gba iṣẹ́ àti àṣẹ lọ́wọ́ yín lọ́jọ́ kan náà. New Jersey ti fòfin de nína ọmọ níléèwé láti ọdún 1867. Texas ṣì gbà á láyè fún dísítíríìtì tó bá fẹ́. Ẹ̀yin adelé, ẹ má sún mọ́ ọn. Ẹ má sì ya fọ́tò ọmọ kankan.

Ohun tó ń ṣiṣẹ́ nìyí: ẹ dúró lẹ́nu ọ̀nà bí wọ́n ti ń wọlé, ẹ ti kọ orúkọ yín àti iṣẹ́ àkọ́kọ́ sójú pátákó. Ẹ má bá wọn figbe ta. Ẹ rìn lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọ tó ń dààmú, ẹ pè é lórúkọ, ẹ bá a sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ kí àwọn yòókù má gbọ́, kí ẹ sì fún un ní ohun méjì tó lè yàn. Bí ó bá wò yín lójú, kì í ṣe ìwọ̀sí. Wọ́n kọ́ ọ pé kó máa wojú ẹni tó ń bá a sọ̀rọ̀ ni. Bí wọ́n bá ní ohùn yín ò yé wọn, ẹ rọra sọ ọ́, kí ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ tẹ ọ́fíìsì láago kí ọ̀ràn tó di ìjà.

Bí ẹ bá rí àmì pé wọ́n ń fìyà jẹ ọmọ nílé, ẹ má wádìí fúnra yín. Ní California, ẹ gbọ́dọ̀ pe àjọ ààbò ọmọ lójú ẹsẹ̀, kí ẹ sì kọ ìròyìn ránṣẹ́ láàárín wákàtí 36. Sísọ fún ọ̀gá ilé-ìwé nìkan kò mú ojúṣe náà kúrò lọ́rùn yín.

Ìbéèrè: Ó ti ju oṣù kan lọ, owó kò tíì wọlé. Ẹ̀ẹ̀rùn ńkọ́?

Ọ̀pọ̀ dísítíríìtì máa ń ti ìwé owó oṣù pa ní ọjọ́ kan pàtó, iṣẹ́ tó bá kọjá ọjọ́ yẹn á bọ́ sí oṣù tó tẹ̀ lé e. Ẹ kọ ọjọ́ kọ̀ọ̀kan àti nọ́ńbà iṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀, kí ẹ lè fi wé ìwé owó. Ojoojúmọ́ ni owó adelé: kò sí iṣẹ́, kò sí owó, títí kan ìsinmi Kérésì àti oṣù tí ilé-ìwé fi ń wà ní títì. Ní òpin sáà, dísítíríìtì sábà máa ń fi lẹ́tà ránṣẹ́ pé àwọn ń retí yín padà, lẹ́tà yẹn ló sì máa ń jẹ́ kí ìpínlẹ̀ kọ̀ láti san owó àìríṣẹ́ fún adelé nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Bí ẹ bá ti ṣe iṣẹ́ míì tí kì í ṣe ti ilé-ìwé láàárín ọdún, ẹ kọ ọ́ sínú ìbéèrè yín, torí wọ́n lè fi owó iṣẹ́ yẹn nìkan ṣírò.