Ẹ Polówó Ọṣẹ, Ẹ Yé Polówó Oògùn
Ìtọ́sọ́nà fún àwọn tó ń ṣe ọṣẹ ìwẹ̀ àti àbẹ́là nílé ní Èkìtì

Ẹ̀yin tí ẹ ti mọ ọṣẹ sè ni a kọ ìwé yìí fún. A ò ní kọ́ yín bí a ṣe ń jó èèpo kòkó di eérú tàbí bí a ṣe ń po àdí. Ọṣẹ páálí mẹ́ta tí wọ́n pín níbi ìsìnkú kan ló fà á. Ìyá kan fi wẹ ọmọ tó ní kúrúnà fún ọ̀sẹ̀ kan, kò san, ọ̀rọ̀ di ariwo, olóòkú sì kọ̀ láti san owó tó kù. Kò sí ohun tó ṣe ọṣẹ yẹn. Ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn ló kó bá wọn.

Ohun tó wà lára ìwé náà nìyí: kúrúnà, làpálàpá, irorẹ́, eéwo, jẹ̀díjẹ̀dí, àti "àwúre" nísàlẹ̀. Ọṣẹ wo ló ń dé ibi tí jẹ̀díjẹ̀dí wà? Wọn ò kọ ìwọ̀n rẹ̀, wọn ò kọ ọjọ́ tí wọ́n sè é. Omi sì ti pa ìdajì nọ́ńbà fóònù rẹ́.

Àṣìṣe tí à ń rí káàkiri nìyí, láti Ìkéré dé Ìkọ̀lé. Lójú NAFDAC, àjọ ìjọba tó ń bójú tó oúnjẹ, oògùn àti ohun ìpara, ọjà tó bá ní òun ń wo àrùn ti kúrò ní ọṣẹ, ó ti di oògùn, ìforúkọsílẹ̀ oògùn sì yàtọ̀. Ọṣẹ ìwẹ̀ gan-an, ẹ gbọ́dọ̀ forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ kí ẹ tó tà á, kí ẹ sì gba àṣẹ kí ẹ tó polówó rẹ̀. Ẹ lọ bá wọn ní ọ́fíìsì wọn ní Adó kí ẹ tó tẹ lébẹ́ẹ̀lì. Ẹni tó ti tẹ ẹgbẹ̀rún kan kó tó lọ béèrè, ó ti fowó ṣòfò. Ẹni tó sì ń po ìpara abóra mọ́ ọṣẹ kí ó lè kọ "ó ń mú ara mọ́lẹ̀," kí ó yáa jáwọ́.

Kí ni kí ẹ wá kọ? Orúkọ ọjà, gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀, ìwọ̀n, nọ́ńbà ìsè (nọ́ńbà tí ẹ fún gbogbo èyí tí ẹ sè pọ̀ lẹ́ẹ̀kan), ọjọ́ tí ẹ sè é àti ọjọ́ tí àkókò rẹ̀ máa parí, orúkọ yín àti àdírẹ́sì yín ní kíkún, fóònù yín, nọ́ńbà NAFDAC. Ní ti ìwọ̀n, ọṣẹ tí ẹ fi kọ́sítíìkì ṣe láìgbé e kaná gbọ́dọ̀ wà lórí pẹpẹ fún ọ̀sẹ̀ 4 sí 6, omi ara rẹ̀ á sì máa gbẹ. Èyí tó jẹ́ gíráàmù 120 lọ́jọ́ tí ẹ gé e lè máà ju 105 lọ nígbà tó bá gbó. Ìwọ̀n ìkẹyìn ni kí ẹ kọ.

Ohun tí ojú rí ni kí ẹ fi polówó. Ẹ ya fọ́tò mẹ́ta lẹ́nu ọ̀nà láàárín aago 7 sí 9 àárọ̀: odidi ọṣẹ, ibi tí ẹ gé e, àti ìfófòó rẹ̀ lọ́wọ́. Ẹ kọ iye owó sára fọ́tò. "Ẹ pè wá fún iye rẹ̀" ń lé oníbàárà. Wákàtí 24 ni ohun tí ẹ gbé sí status WhatsApp ń lò, nítorí náà ẹyọ kan lójúmọ́ tó. Ẹni tó bá gbé ogún síbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, àwọn èèyàn á fò ó kọjá.

Ẹ gé ọṣẹ gíráàmù 100 sí márùn-ún, ẹ fi bébà wé e, ẹ má fi ọ̀rá, torí ó máa ń làágùn. Ẹ kó ogún fún onídìrí kan, ogún fún òtẹ́ẹ̀lì kan, kí àwọn oníbàárà wọn lè dán an wò. Àwọn tó ń lọ wẹ̀ ní Ìkọ̀gòsì, níbi tí omi gbígbóná àti tútù ti pàdé, lè ra irú ọṣẹ báyìí lọ sílé. Ṣùgbọ́n ẹ má kọ "omi Ìkọ̀gòsì" sára ọṣẹ tí ẹ fi omi kànga ilé yín sè. Irọ́ ni.

Àríyá ló ń mówó wọlé jù. Ẹ gba ìdá 70 nínú 100 owó sílẹ̀ kí ẹ tó da nǹkan kan. Ti ọdún Udíróko ní Adó ní Oṣù Kẹjọ, ẹ bẹ̀rẹ̀ ní Oṣù Kẹfà. Ti Kérésìmesì, kó má kọjá ìdajì Oṣù Kẹwàá. Bí oníbàárà bá dé nígbà tó ku ọ̀sẹ̀ méjì, tí ẹ ò sì ní èyí tó ti gbó nílẹ̀, ẹ sọ fún un pé kò sí.

Àrùn kan náà ló ń ṣe àwọn alábẹ́là. "Ó ń lé ẹ̀fọn, ó ń lé ẹ̀mí òkùnkùn." Ẹ kọ òórùn rẹ̀ àti ìwọ̀n rẹ̀: lọ́fíńdà gíráàmù 60 sí kílò ìda kan ti tó. Ìkìlọ̀ pọn dandan: kí wọ́n gé òwú rẹ̀ ku mílímítà 6 kí wọ́n tó tàn án, kó má jó ju wákàtí 4 lọ, kó jìnnà sí kọ́tìnnì àti ọmọdé. Ìkòkò amọ̀ Ìṣàn kékeré máa ń gbé àbẹ́là yọ dáadáa nínú fọ́tò, àmọ́ ìda máa ń là á kọjá bí ẹ ò bá kun inú rẹ̀. Ẹ jó mẹ́ta tán pátápátá nínú ìsè kọ̀ọ̀kan kí ẹ tó ya fọ́tò rárá.

Nínú ìsè ọṣẹ kọ̀ọ̀kan, ẹ fi méjì pamọ́ fún oṣù mẹ́fà, kí ẹ kọ nọ́ńbà rẹ̀ àti orúkọ ẹni tó ra ìyókù sínú ìwé kan. Bí ẹnìkan bá gbé ẹjọ́ dé, ẹ mú ti ilé jáde, kí ẹ fi wẹ̀ lójú rẹ̀.