Marigold mi ń ruwé, kò tanná

Oṣù méjì gbáko ni òdòdó marigold tí mo gbìn síwájú ilé wa n'Ìbàdàn fi ń ruwé lásán. Ó dúdú minimini. Ìyá kan tilẹ̀ bi mí bóyá ẹ̀fọ́ ni. Mo rò pé ebi ló ń pa á, mo tún da ìgbẹ́ adìẹ sí i. Àṣé ìgbẹ́ adìẹ yẹn gan-an ló fà á! Bó bá pọ̀jù, ewé ló ń mú jáde. Mo dá a dúró, mo gé ẹ̀ka máńgòrò tó ṣíji bò ó, mo sì rẹ́ ọ̀mùnú orí rẹ̀ kó lè pẹ̀ka. Ìdí rẹ̀ nìkan ni mo ń bomi rin, láàárọ̀. Lọ́sẹ̀ karùn-ún, ó tanná rẹrẹ, ó pọ́n rúsúrúsú. Èyí tó bá ti rọ, mo ń já a dànù kí òmíràn lè yọ.