Gbogbo Ẹ̀jẹ̀ Ìdí Kọ́ Ni Jẹ̀díjẹ̀dí

Ẹni tí ó bá rí ẹ̀jẹ̀ nínú ìgbẹ́ rẹ̀ ní Àkúrẹ́, ọ̀dọ̀ alágbo ní Ọjà Ọba ni ó sábà máa ń kọ́kọ́ yà sí, yóò ra àgbo jẹ̀díjẹ̀dí, yóò sì bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Ó lè jẹ́ jẹ̀díjẹ̀dí lóòótọ́. Ṣùgbọ́n jẹjẹrẹ ìfun ńlá náà máa ń mú ẹ̀jẹ̀ wá, kò sì sí ẹni tí ó lè fi ojú lásán mọ ìyàtọ̀ wọn. Bí ẹ̀jẹ̀ bá jáde, bí ìgbẹ́ bá yí padà fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, tàbí bí ara bá ń rù láìnídìí, ẹ lọ rí dókítà kí ẹ tó mu àgbo kankan.

Ẹni tí kò rí nǹkan kan náà ní tirẹ̀ láti ṣe. Àrùn yìí sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ láti ara kókó ẹran kékeré tí ó hù sínú ìfun, tí ó lè lo nǹkan bí ọdún 10 kí ó tó di jẹjẹrẹ, tí kì í sì í sábà dunni. Bí àyẹ̀wò bá rí i, dókítà lè gé e kúrò. Ní ọdún 2021, wọ́n fa ọjọ́ orí tí àyẹ̀wò ń bẹ̀rẹ̀ ní Amẹ́ríkà wálẹ̀ láti 50 sí 45. Ẹni tí òbí tàbí ọmọ ìyá rẹ̀ ti ní in yóò bẹ̀rẹ̀ ní ẹni ọdún 40, tàbí ní ọdún 10 ṣáájú ọjọ́ orí tí wọ́n rí i lára ẹbí náà, èyí tí ó bá yá jù: bí bàbá yín bá jẹ́ ẹni ọdún 46 nígbà náà, 36 ni tiyín. Nítorí náà, ẹ bi àwọn àgbà ilé léèrè ohun tí ó pa ẹni tí ó kú. “Inú ló ń run ún” kì í ṣe ìdáhùn.

Àyẹ̀wò ìgbẹ́ rọrùn, ọdọọdún ni a sì ń ṣe é. Bí ó bá fi ẹ̀jẹ̀ hàn, kámẹ́rà ló kàn. Kámẹ́rà tí wọ́n ń ti gba ojú ihò ìdí wọlé lè tó ọdún 10 kí a tó tún un ṣe, bí wọn kò bá rí nǹkan. Ẹ béèrè ní ilé ìwòsàn ìkọ́ni UNIMED, ti yunifásítì ìmọ̀ ìṣègùn Oǹdó, ní Àkúrẹ́ tàbí ní ìlú Oǹdó, ibi tí ẹ ti lè rí i ṣe. Ẹ sọ fún wọn bí ẹ bá ní ìtọ̀ ṣúgà tàbí tí ẹ ń lo oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì. Fún ọjọ́ bíi mélòó kan ṣáájú kámẹ́rà náà, ẹ fi ẹ̀gúsí, ẹ̀pà, àgbàdo àti ẹ̀fọ́ sílẹ̀. Ní ọjọ́ tí ó ṣáájú, omi àti tíì tí kò ní mílíìkì ni kí ẹ máa mu. Ẹ má mu zobo, nítorí pé pípọ́n rẹ̀ a máa jọ ẹ̀jẹ̀ lójú kámẹ́rà. Ẹ mu oògùn ìfọnú tí wọ́n bá fún yín tán, bí ó tilẹ̀ ń súni, títí omi tí ń jáde yóò fi mọ́. Ẹ mú ẹni kan dání tí yóò sìn yín délé, nítorí pé oògùn oorun tí wọ́n máa ń fúnni kì í jẹ́ kí ojú tètè dá.

Ní ti oúnjẹ, iyán wa kò ṣẹ̀ níwọ̀n ìgbà tí ẹ̀fọ́ bá pọ̀ ju ẹran lọ nínú ọbẹ̀. Sọ́séèjì àti irú rẹ̀ ni kí ẹ ṣọ́ra fún, nítorí pé àjọ ìlera àgbáyé ti ka ẹran bẹ́ẹ̀ mọ́ ohun tí ń fa jẹjẹrẹ láti ọdún 2015. Sìgá, ikùn ńlá àti ọtí náà ń dá kún un, àgbo jẹ̀díjẹ̀dí tí wọ́n rẹ sínú ọtí sì wà nínú ọtí tí à ń wí yìí.