Bí A Ṣe Ń Fi Iná Bátìrì Ṣèwádìí Ìrora Ọlọ́jọ́ Pípẹ́ ní Ìlọrin

Ìrora tó bá ti lé ní oṣù mẹ́ta kúrò ní ọ̀rọ̀ egbò nìkan. Ọpọlọ ti há a sórí. Ìdí nìyẹn tí àwọn olùwádìí fi ń wá ọ̀nà láti bá ọpọlọ sọ̀rọ̀ láìla orí. Ní ọdún 2000 ni Nitsche àti Paulus fi hàn ní Göttingen, ní Jámánì, pé iná díẹ̀ tó gba orí kọjá lè yí ìṣe apá ọpọlọ tó ń darí iṣan padà. Fífi iná bátìrì díẹ̀ gba orí kọjá báyìí ni wọ́n ń pè ní tDCS. Ẹni tó ti gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ ìgbìmọ̀ tó ń mójú tó ìwádìí nílé ìwòsàn rẹ̀ là ń bá sọ̀rọ̀ níbí. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe so wáyà mọ́ bátìrì nílé kó gbé e lé orí.

Bátìrì 9 volt ló ń gbé ẹ̀rọ náà, nítorí náà bí iná ìjọba lọ, iṣẹ́ ò dúró. Ẹ má ṣe so ó mọ́ iná ògiri láé. TMS, ọ̀nà mìíràn tó ń fi mágínẹ́ẹ̀tì ru ọpọlọ sókè láti òde orí, ní ẹ̀rí tó lágbára jù ú lọ lórí ìrora iṣan ìmọ̀lára, àmọ́ owó rẹ̀ àti iná tó ń mu kì í ṣe kékeré.

Ẹ kọ́kọ́ bi ẹni tó fẹ́ kópa nínú ìwádìí: ṣé wárápá ti gbé e rí? Ṣé irin wà nínú orí, tàbí ẹ̀rọ tó ń ran ọkàn lọ́wọ́ wà láyà? Ṣé oyún wà? Ṣé egbò tàbí làpálàpá wà lórí? Bí ìdáhùn bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni sí ọ̀kan, ẹ má fi ẹni náà kún ìwádìí.

Ẹ wá mú téèpù télọ̀. Ẹ wọn láti gbòngbò imú gba àtàrí lọ sí kókó egungun ìpàkó, kí ẹ sàmì sí ìdajì rẹ̀. Ẹ tún wọn láti iwájú etí kan sí èkejì, kí téèpù gba orí àmì náà. Ibi tí ìdajì méjèèjì ti pàdé, láàárín orí, ni wọ́n ń pè ní Cz. Láti ibẹ̀, ẹ sún lọ sí òsì ní ìdá 20 nínú 100 ìwọ̀n etí sí etí. Bó bá jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 36, 7.2 nìyẹn. Ibẹ̀ ni C3, lókè apá ọpọlọ tó ń darí iṣan, fún ìrora apá ọ̀tún ara. C4, ní ọ̀tún orí, wà fún ìrora apá òsì. Bí gbogbo ara bá ń ro ó, C3 ni wọ́n sábà máa ń lò. Fóòmù (kànìnkànìn tí a fi omi iyọ̀ rin, tó ń gbé iná wọ orí) tó so mọ́ wáyà pọ́sítífù ló ń gbé ibẹ̀. Ti nẹ́gétífù á wà níwájú orí, lókè ojú ẹ̀gbẹ́ kejì. Ẹni tó bá pààrọ̀ wáyà méjèèjì ti ṣe ìwádìí mìíràn láìmọ̀.

Irun gan-an niṣẹ́ wà. Òrí àti àdín àgbọn kì í jẹ́ kí iná kọjá, irun àtásímẹ́ǹtì sì ń gbé fóòmù sókè kúrò lára awọ. Ẹ sọ fún wọn ṣáájú pé kí wọ́n fọ irun, kí wọ́n má fi òróró sí i, kí wọ́n sì tú u bó bá ṣeé ṣe. A kì í fá orí ẹnikẹ́ni. Ìlarun ni kí ẹ fi la irun títí awọ á fi hàn. Fún obìnrin tó ń lo híjáàbù, yàrá tó ṣeé tì àti obìnrin tí yóò fọwọ́ kan orí rẹ̀ jẹ́ dandan. Bí ẹ ò bá ní in, wọn ò ní padà wá lọ́jọ́ kejì, ẹ̀tọ́ wọn sì ni.

Fóòmù tó fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 5, tó sì gùn ní sẹ̀ǹtímítà 7, ni kí ẹ lò, kí ẹ fi omi iyọ̀ dírípù, 0.9%, rin ín, bíi milílítà 6 lójú kọ̀ọ̀kan. Bó bá kún jù, omi á máa ṣàn lójú, iná á sì gba inú omi lọ dípò orí. Bó bá gbẹ, gbogbo iná á kó ara jọ sí ojú kan, awọ á jó. Ọyẹ́ máa ń gbẹ fóòmù kí ìṣẹ́jú ogún tó pé, nítorí náà kí síríńjì omi iyọ̀ wà lọ́wọ́. Ẹ wo ìdènà, ìyẹn bí iná ṣe ń ṣòro tó láti kọjá, lójú ẹ̀rọ: kó má ju kiloohm 5 lọ kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀.

Ẹ gbé iná sókè díẹ̀díẹ̀ fún ìṣẹ́jú àáyá 30 títí yóò fi dé 2 mA (mílíámpìà, ìwọ̀n iná), kó wà bẹ́ẹ̀ fún ìṣẹ́jú 20, kí ẹ sì sọ̀ ọ́ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Bí èèrà tó ń rìn lára, tàbí kó máa yún un, kò burú. Bó bá ń ta á kan-kan, ẹ sọ iná kalẹ̀ kí ẹ yẹ fóòmù wò. Wọ́n sábà máa ń ṣe é fún ọjọ́ 5 tàbí 10 léraléra.

Iná ẹ̀tàn ni a ń fún apá kan àwọn tó kópa láìjẹ́ kí wọ́n mọ̀, kí a lè fi wọ́n wé àwọn tó gba iná gidi. Fún un, iná á gòkè, á sì wálẹ̀ láàárín ìgbà díẹ̀, fóòmù á ṣì wà lórí títí ìṣẹ́jú ogún á fi pé. Awọ tó pọ́n lábẹ́ fóòmù lè tú àṣírí, nítorí náà kí ẹni tó ń tú fóòmù má jẹ́ ẹni tó ń béèrè ìrora.

Lórí ìbéèrè yẹn, 0 sí 10 dára, ṣùgbọ́n ẹ tún kọ bó ṣe sọ ọ́: ríro kì í ṣe títa, títa kì í sì í ṣe jíjó. Jíjó àti títa sábà máa ń tọ́ka sí iṣan ìmọ̀lára. Aago kan náà ni kí ẹ máa béèrè lójoojúmọ́.

Ẹ yẹra fún ọ̀sán Jímọ̀. Bí oṣù Ramadan bá bọ́ sí àárín ọjọ́ mẹ́wàá yẹn, ẹ sún un síwájú, torí àìsùn sààrì fúnra rẹ̀ ń fi kún ìrora. Ẹni tó ń ti Ọ̀ffà tàbí Òmù-Àrán wá gbọ́dọ̀ rí owó ọkọ̀ gbà lójoojúmọ́. Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé ìṣúná kí ẹ tó fi tọrọ owó. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, wọ́n lè má wá mọ́ kí ọjọ́ tó pé.

Bí ìrora bá dín ní ìdá 30 nínú 100, a lè pè é ní ohun tó kan ìgbé ayé ènìyàn. Láti 7 sí 6 kò tó bẹ́ẹ̀. Àwọn tó gba iná ẹ̀tàn náà á sọ pé ara ń tu wọn, nítorí náà ẹ bi gbogbo wọn lọ́jọ́ ìkẹyìn irú iná tí wọ́n rò pé àwọn gbà, kí ẹ tó ṣí àpò ìwé tó sọ ẹni tó gba iná gidi àti ẹni tó gba ti ẹ̀tàn.