Ẹ Má Tíì Dá Proxy Lẹ́bi: Àṣìṣe Tó Wọ́pọ̀ Lórí Terminal

Bí curl, irinṣẹ́ tó ń mú nǹkan wá láti orí íńtánẹ́ẹ̀tì, bá dákẹ́ lórí terminal (ojú tí a ti ń tẹ àṣẹ) tí kò mú nǹkan kan wá, proxy, ìyẹn sáfà alárinà tí ìbéèrè wa ń gbà kọjá, la máa ń kọ́kọ́ nàka ẹ̀bi sí. Ibi tí a fojú sí, ọ̀nà ò gbabẹ̀. Lọ́pọ̀ ìgbà, ara proxy dá ṣáṣá. Àwa la kọ àdírẹ́sì rẹ̀ síbi tí irinṣẹ́ tí à ń lò kì í yọjú dé.

Ẹ wo lẹ́tà ńlá àti kékeré nínú orúkọ ètò tí à ń kọ àdírẹ́sì proxy sí. Ẹ má kọ `HTTP_PROXY` nìkan kí ẹ sì rò pé ó ti parí. curl kì í ka èyí tó jẹ́ lẹ́tà ńlá yẹn rárá, `http_proxy` ló mọ̀. Ó nídìí. Lórí sáfà tó ń lo CGI (ọ̀nà tí sáfà fi ń gbé ìbéèrè àlejò fún ètò mìíràn), bí àlejò kan bá fi àkọlé `Proxy` ránṣẹ́, ṣe ló máa ń di `HTTP_PROXY`, àlejò náà á sì lè máa darí ìbéèrè sáfà gba ọ̀dọ̀ ara rẹ̀. Ọdún 2016 ni ariwo àlébù yìí ta gan-an, httpoxy ni wọ́n sọ ọ́. Àwọn irinṣẹ́ mìíràn ní tiwọn, nítorí náà ẹ kọ méjèèjì, kí ẹ má sì gbàgbé `export`, òun ló ń jẹ́ kí àwọn irinṣẹ́ rí wọn.

Èyí tí mo rí pé ó ń jẹ àkókò èèyàn jù nìyí:

`https_proxy=https://proxy.example:3128`

Ó jọ pé ó tọ́, àmọ́ kò tọ́. `https` tó wà lápá òsì ń sọ irú ojúlé tí ẹ ń lọ. Apá ọ̀tún ló ń sọ bí ẹ ṣe máa bá proxy fúnra rẹ̀ sọ̀rọ̀. HTTP lásán ni ọ̀pọ̀ proxy ń gbọ́. Irinṣẹ́ yín á fi `CONNECT` bẹ̀ ẹ́ pé kó ṣínà, lẹ́yìn náà ni TLS, ààbò tó ń bo ọ̀rọ̀ HTTPS, á gba inú ọ̀nà yẹn kọjá. Bí ẹ bá ń rí `wrong version number`, ẹ yí apá ọ̀tún sí `http://`, àyàfi bí ẹni tó ń bójú tó proxy bá sọ pé TLS lòun náà ń gbọ́.

Bí `@`, `#` tàbí `:` bá wà nínú páṣíwọọ̀dù, ẹ má kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ sínú àdírẹ́sì. `@` á di `%40`, `#` á di `%23`, `:` á di `%3A`. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, irinṣẹ́ lè gé páṣíwọọ̀dù sí méjì, kí `407` (proxy ò dá yín mọ̀) sì máa dá yín padà.

curl ń ṣiṣẹ́, `sudo apt update` kọ̀? sudo, tó ń fi agbára alábòójútó tẹ àṣẹ, máa ń gbọn àwọn ètò bẹ́ẹ̀ dànù kó tó ṣiṣẹ́. Ẹ fún apt, tó ń gbé ètò sórí Debian àti Ubuntu, ní tirẹ̀ nínú fáìlì kan lábẹ́ `/etc/apt/apt.conf.d/`:

`Acquire::http::Proxy "http://proxy.example:3128";`

`docker pull` náà, kì í ṣe terminal yín ló ń lọ gbé ẹrù wá, Docker tó ń ṣiṣẹ́ lábẹ́nú ni. Òun ni kí ẹ sọ fún, kí ẹ sì tún un tàn. Nínú `no_proxy`, tó ń to àwọn àdírẹ́sì tí kò gbọ́dọ̀ gba proxy kọjá, ẹ fi `localhost,127.0.0.1` sí i, láìfi àlàfo sáàárín.

Mo bẹ̀ yín lórí èyí: bí irinṣẹ́ bá ń ráhùn nípa ìwé-ẹ̀rí tí sáfà fi ń jẹ́rìí ara rẹ̀, ẹ má sáré tẹ `curl -k`, ẹ má sì tẹ `git config --global http.sslVerify false` láéláé. Méjèèjì ń pa àyẹ̀wò ìwé-ẹ̀rí. Àwọn proxy ilé iṣẹ́ kan máa ń tú TLS, wọ́n á fi ìwé-ẹ̀rí tiwọn bò ó. Ìyẹn ni irinṣẹ́ yín rí. Àmọ́ àṣẹ git yẹn kò ní kúrò lọ́jọ́ tí ẹ bá kúrò lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì náà. Lóṣù mẹ́fà sí i, níbòmíràn, git yín ṣì ń gba ẹnikẹ́ni tó bá ní òun ni sáfà gbọ́. Ẹ gba ìwé-ẹ̀rí náà lọ́wọ́ àwọn tó ni proxy. Lórí Debian àti Ubuntu, ẹ fi `.crt` parí orúkọ rẹ̀, ẹ gbé e sí `/usr/local/share/ca-certificates`, kí ẹ tẹ `sudo update-ca-certificates`. Fún Node.js, ẹ fi `NODE_EXTRA_CA_CERTS` tọ́ka sí fáìlì náà.

Ẹ má sì fi `ping` dán proxy wò, torí ping kì í gba ibẹ̀ kọjá. `curl -vI https://example.com` ni kí ẹ tẹ̀. Bí ẹ bá rí `CONNECT example.com:443`, tí `200` sì tẹ̀ lé e, proxy ti ṣílẹ̀kùn.