Irin ìfọwọ́ tó jẹ owó ilé ìwé wa ní Kétu

Nínú owó tí àwa òbí dá kí ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ àwọn ọmọ wa ní Kétu, ní orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀, lè tún ṣí lásìkò kòrónà, ó ju ìdajì lọ tó wọ inú irin kan ṣoṣo. Èmi ni akápò ẹgbẹ́, ọwọ́ mi ni mo fi ka owó náà jáde, ó sì ń dùn mí títí di òní. Mo ń kọ bí a ṣe ṣe é sílẹ̀ kí owó ẹlòmíì má baà gba ọ̀nà yẹn lọ bí àìsàn bá tún ti ilé ìwé lọ́jọ́ kan.

Ẹ rántí bó ṣe rí. Ọjọ́ 16 oṣù kẹta ọdún 2020 ni wọ́n kéde ẹni àkọ́kọ́ tó ní àrùn náà ní Bẹ̀nẹ̀. Kí oṣù náà tó parí, àwọn ọmọ ti wà nílé, ìjọba sì ti fi ìdènà yí Kútọnu, Àjàṣẹ́ àti àwọn ìlú agbègbè wọn ká. Kétu kò sí nínú ìdènà náà, ṣùgbọ́n ilé ìwé tiwa náà wà ní títì. Ọjọ́ 11 oṣù karùn-ún ni wọ́n ní kí àwọn ọmọ CM2, kíláàsì tó gbẹ̀yìn ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, padà nítorí CEP, ìdánwò àṣejáde alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, tó wà níwájú wọn, àwọn ti kọ́lẹ́ẹ̀jì náà sì wọlé. Àwọn kékeré, láti CI tó jẹ́ kíláàsì àkọ́kọ́ dé CM1 tó ṣáájú CM2, dúró di ọjọ́ 10 oṣù kẹjọ.

Títún kíláàsì ṣe kò le. Gbígbálẹ̀, nínu bẹ́ǹṣì, pípín CM2 sí yàrá méjì kí wọ́n má baà fún mọ́ra, òbí wo ni kò mọ ìyẹn? Ìbòmú náà, àwọn ìyá tó ń ránṣọ láàárín wa fi àgékù aṣọ rán an, ó kárí, ó tún ṣẹ́kù. Omi ló dá wa dúró.

Ẹni tó bá mọ Kétu mọ̀ pé omi kì í ṣe ohun tí à ń dà nù níbí. Orí ilẹ̀ gíga ni ìlú wà, omi abẹ́ ilẹ̀ jìn, ìdí nìyẹn tí ilé púpọ̀ fi ní kòtò ńlá tí wọ́n fi símẹ́ńtì rẹ́, tí omi òjò ń ti orí páànù ṣàn sí. Ilé ìwé wa ní ọ̀kan. Òjò ti bẹ̀rẹ̀, omi wà nínú rẹ̀ díẹ̀, àmọ́ ẹ kò lè ní kí odidi ilé ìwé máa ti ọwọ́ bọ korobá kan náà, kí ẹ sọ pé ẹ ń lé àrùn. Dírẹ́tọ̀ wá ní ká ṣe irú èyí tí gbogbo ènìyàn ń ṣe nígbà náà: irin gíga, àgbá oníke lórí rẹ̀, ibi ìtẹ̀ nísàlẹ̀ tí ọmọ yóò fẹsẹ̀ tẹ̀ kí omi tó yọ, kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kan ẹnu ẹ̀rọ.

Ọ̀gá tó ń jó irin kọ́kọ́ pe 45,000 fáráǹkì. Nígbà tí mo gbé owó dé, ó ti di 65,000. Ó ní irin ti wọ́n, ó ní Nàìjíríà ni àgbá àti ẹnu ẹ̀rọ ti ń wá. Òótọ́ wà nínú èyí. Láti oṣù kẹjọ ọdún 2019 ni Nàìjíríà ti ti bodè rẹ̀, oṣù kejìlá ọdún 2020 ni wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí i, àwa tí a wà nítòsí Ìlárá, ìlú ẹnu bodè, mọ ohun tí ìyẹn ṣe fún ọjà wa. Mo san èyí tó pọ̀ jù nínú owó náà.

Bẹ́ẹ̀ ni lílọ bíbọ̀ ṣe bẹ̀rẹ̀. Lónìí, iná lọ. Lọ́la, ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ kò wá. Ọjọ́ kan, mo débẹ̀, mo bá irin tí mo ti fojú ara mi rí tí wọ́n ń kùn ní àwọ̀ ewé fún wa, wọ́n ń dè é mọ́ ẹ̀yìn zẹ́mì, ọ̀kadà akérò, fún oníbàárà mìíràn. Mo ní, “Ọ̀gá, ṣé kì í ṣe tiwa nìyẹn?” Ó ní, “Màmá, ẹ má bínú, àwọn wọ̀nyẹn san gbogbo owó wọn. Tiyín náà máa tó jáde.” Owó àwọn ọmọ wa ló fi ra irin yẹn! Mo jókòó sórí bẹ́ǹṣì rẹ̀ títí àwọn àgbà àdúgbò fi wá bẹ̀ mí kí n dìde.

Àárọ̀ tí CM2 wọlé, irin kò tíì dé. Àwa ìyá ni a dúró sí ẹnu géètì pẹ̀lú bùtà, tí à ń da omi sí wọn lọ́wọ́, ọmọ kan tẹ̀lé òmíràn. Kò sí ẹni tó wọ kíláàsì láìfọwọ́, mo fi ìyẹn yangàn.

Nígbà tí irin náà dé nígbẹ̀yìn, ibi ìtẹ̀ rẹ̀ le. Ẹni tó bá tẹ̀ ẹ́ tagbáratagbára, omi á ya jáde bí ẹni pé wọ́n ṣí àgbá sílẹ̀, àgbá á sì gbẹ kí wọ́n tó jáde ṣeré. Oṣù kẹjọ ló wá burú jù. Ọmọbìnrin CI kan na ẹsẹ̀, ó tẹ̀ ẹ́, apá rẹ̀ kò sì dé ibi tí omi ń dà sí. Ó fi àyà ti irin, ó nà gan-an, omi dà sí i ní ìbòmú, ọwọ́ rẹ̀ ṣì gbẹ. Ọgọ́ta ẹgbẹ̀rún àti lé!

Olùkọ́ CE1, kíláàsì kẹta, ló yọ wá. Ó mú kẹ́ẹ̀gì òróró lítà márùn-ún, ó fi ìṣó gbígbóná lu ihò kan nítòsí ọrùn rẹ̀, ó gbé e kọ́ sórí igi tó dábùú lórí òpó igi méjì, ó so okùn mọ́ ọn dé igi kékeré tó wà nílẹ̀. Ọmọ tẹ igi, kẹ́ẹ̀gì tẹ̀ síwájú, omi tín-ínrín dà. Ó gbé ẹsẹ̀, omi dá. Gbogbo wa pàtẹ́wọ́. A ṣe ọ̀kan fún kíláàsì kọ̀ọ̀kan, gbogbo rẹ̀ kò tó owó ẹsẹ̀ kan lára irin yẹn.

Bí ẹ bá fẹ́ ṣe irú rẹ̀, ẹ jẹ́ kí ìṣó tín-ín-rín. Ẹ fi ọmọ tó kúrú jù wọn gíga rẹ̀. Okùn ọ̀rá ni kẹ́ ẹ lò, èyí tí wọ́n fi èèpo igi ṣe á jẹrà nínú òjò. Ẹ da òkúta wẹ́wẹ́ sísàlẹ̀, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ẹrẹ̀ á bo ibẹ̀. Ọṣẹ tí a kó síta ń pòórá, àfìgbà tí a gé e wẹ́wẹ́ sínú àpò àwọ̀n tí wọ́n fi ń ta àlùbọ́sà, tí a sì so ó mọ́ igi. Àwọn kan nínú ẹgbẹ́ fẹ́ ká ra oògùn ọlọ́tí tí wọ́n fi ń pa ọwọ́ dípò ọṣẹ, mo kọ̀ jálẹ̀. Ọ̀rá ló bo kòkòrò àrùn yẹn lára, ọṣẹ lásán ń tú u ká, bí ọmọ bá ṣáà ti fọ̀ ọ́ dáadáa fún ìṣẹ́jú àáyá 20.

Ní ti ọ̀gá náà, nígbà tí a pè é sí ìpàdé, kò ní owó tí yóò dá padà, ó fi iṣẹ́ san án: ó jó ẹsẹ̀ bẹ́ǹṣì tó ti kán láti ọjọ́ pípẹ́. Bí mo bá tún máa gbé irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ fún ẹnikẹ́ni, èmi fúnra mi ni màá ra irin àti àgbá, màá kó wọn sílé, owó iṣẹ́ nìkan ni màá sì san fún un, lọ́jọ́ tí ọmọ CI bá fọwọ́ níbẹ̀ lójú mi.