Róòlù kan láìtan fíláàṣì: bí mo ṣe tọ ipasẹ̀ Eve Arnold

Fọ́tò kan ni mo fi ṣe àwòkọ́ṣe. Charlotte Stribling, afáṣọhàn tí wọ́n ń pè ní Fabulous, dúró lẹ́yìn ìtàgé ní ṣọ́ọ̀ṣì Abyssinian ní Harlem, àdúgbò àwọn aláwọ̀ dúdú ní New York, ó ń retí kí wọ́n pe òun síta. Eve Arnold, ayàfọ́tò ará Amẹ́ríkà, ló yà á ní 1950. Kò tan fíláàṣì; iná tó bá nínú yàrá náà ló lò, pẹ̀lú Rolleicord, kámẹ́rà olójú méjì tí wọ́n ń wò láti òkè, olówó 40 dọ́là tí ẹnì kan fi ta á lọ́rẹ. Ó ti ṣiṣẹ́ rí nílé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń fọ fíìmù ní New Jersey, nítorí náà ó mọ ibi tí agbára fíìmù mọ. Kíláàsì fọ́tò tí Alexey Brodovitch ń kọ́ ní New School, ilé ẹ̀kọ́ kan ní New York, ló ti gbaṣẹ́ pé kó lọ ya aṣọ oge, nígbà tó sì kó èyí tó yà wá, ọ̀gá ní kó padà lọ yà sí i.

Iṣẹ́ tí mo gbé fún ara mi ni róòlù kan ṣoṣo, fọ́tò 12, ní yàrá ìmúra níbi àfihàn aṣọ kan lálẹ́.

Fíìmù Tri-X 400 ni mo kì sínú kámẹ́rà. Mo rẹ́ Arnold jẹ níbẹ̀, nítorí 1954 ni Kodak tó gbé róòlù Tri-X jáde. Mo ṣe mítà ìmọ́lẹ̀ sí 1600, bíi pé fíìmù náà gba ìmọ́lẹ̀ ní ìlọ́po mẹ́rin 400 rẹ̀, ó fún mi ní f/3.5 (bí ojú lẹ́ǹsì ṣe ṣí tó) àti 1/30 (ìdá ọgbọ̀n ìṣẹ́jú-àáyá). Ojú ẹni tí mo fẹ́ yà ni mo gbé mítà sí, kì í ṣe aṣọ rẹ̀. Bí aṣọ funfun bá tan mítà jẹ, aṣọ á yọ, ojú á di èédú. Awọ dúdú lábẹ́ gílóòbù kan ṣoṣo máa ń yọ dáadáa bí ìmọ́lẹ̀ bá gba ẹ̀gbẹ́ ojú wá. Bó bá wá láti òkè tààrà, ihò ojú á ṣókùnkùn.

Ní f/3.5, bí èèyàn bá wà ní mítà kan àtààbọ̀, ibi tó máa mọ́ kedere kò ju bíi sẹ̀ǹtímítà 14 lọ. Awò kékeré inú ìdérí kámẹ́rà ni mo fi ń wo ẹyinjú tó sún mọ́ mi jù. Rántí pé ọ̀tún dòsì nínú dígí tí à ń wò lórí kámẹ́rà yìí: bí ẹni náà bá sún sọ́tùn-ún, ọwọ́ rẹ á fẹ́ gbé kámẹ́rà gba ibi tí kò yẹ. Fún ìdúróṣinṣin, mo fa okùn ọrùn le, mo fi ìgúnpá mọ́ ìhà, mo mí síta kí n tó tẹ̀ ẹ́. Síbẹ̀ mẹ́ta nínú 12 mì, gbogbo wọn sì jẹ́ ti àwọn tó ń rìn. Ẹni tó ń retí ìpè kì í rìn, ìyẹn ni mo rò pé ó jẹ́ kí ẹ̀yìn ìtàgé gba fọ́tò láìsí fíláàṣì.

Àṣìṣe kan tún wà. Lára Rolleicord tèmi, ọ̀tọ̀ ni ọwọ́ tó ń ká fíìmù, ọ̀tọ̀ ni irin tó ń múra ṣọ́tà (ìlẹ̀kùn tó ń ṣí fún ìmọ́lẹ̀) sílẹ̀, kò sì sí ohun tó ń dáni dúró bí èèyàn bá gbàgbé láti ká a. Fọ́tò karùn-ún mi di obìnrin méjì lórí ara wọn. Ní kété tó o bá ti yà á ni kó o ti ká a.

Fífọ̀ ló gba sùúrù jù. Omi tó gbóná tó 50 sí 55°C ni mo fi po páálí D-76 ti lítà kan, ìyẹn oògùn tó ń mú àwòrán yọ lára fíìmù, mo fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì. Nínú àpò dúdú tí ìmọ́lẹ̀ kì í wọ̀, òógùn ọwọ́ máa ń mú kí fíìmù lẹ̀ mọ́ kẹ̀kẹ́ oníke tí wọ́n ń ká a sí kó tó wọnú táǹkì, nítorí náà àárọ̀ kùtù ni mo ká a sí i. Rọra já téèpù tó so fíìmù mọ́ bébà. Bó o bá já a pẹ̀lú agbára, ó lè tan iná bíńtín.

Mílílítà 500 ni táǹkì gbà fún róòlù yìí. Omi ẹ̀rọ wà ní 29°C, mo sì ń fẹ́ 20°C. Ìta ìgò ni mo kó yìnyín yí ká nínú bàsíà, torí bó bá yọ́ sínú oògùn, ó ti là á nìyẹn. Omi gbígbóná máa ń dín àsìkò kù débi pé oògùn ò ní mú fíìmù dọ́gba. Ìṣẹ́jú 9 àti ààbọ̀ ni mo fún un. Mo dorí táǹkì kodò léraléra fún ìṣẹ́jú-àáyá 30 àkọ́kọ́, lẹ́yìn náà ìṣẹ́jú-àáyá 5 nínú gbogbo 30. Oògùn ìdádúró gba ìṣẹ́jú-àáyá 30, fíkísà oníyára, oògùn tí kì í jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ ba fíìmù jẹ́ mọ́, gba ìṣẹ́jú 5, gbogbo rẹ̀ ní ìwọ̀n ìgbóná kan náà. Mo fi omi mẹ́ta ṣan án: mo dorí rẹ̀ kodò lẹ́ẹ̀márùn-ún, lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, lẹ́yìn náà ní ogún ìgbà.

Lálẹ́ tí mo ya wọ́n gan-an ni mo ti kọ orúkọ, ibi, ọjọ́ àti ohun tí oníkálukú ń ṣe sínú ìwé kékeré. Nígbà tí Picture Post, ìwé ìròyìn kan ní Gẹ̀ẹ́sì, tẹ àwọn fọ́tò Harlem náà jáde ní 1951, wọ́n yí ọ̀rọ̀ tí Arnold kọ sábẹ́ wọn padà. Tèmi wà lẹ́yìn fọ́tò kọ̀ọ̀kan, pẹ́ńsù ni mo fi kọ ọ́ kí ó má baà hàn sí iwájú.